Aago Góòlù Tí Gbogbo Àdúgbò Fi Ya Fọ́tò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ti ká tí òmíràn kò tíì hù, aago ọwọ́ góòlù kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àdúgbò wa ní ẹsẹ̀ òkè ní Ìdànrè. Bàbá mi ló ni ín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, mo mọ̀ pé fóònù ni ẹ fi ń mọ ohun tí aago lù, ẹ sì lè máa rò ó pé kí ni ìyá arúgbó yìí fẹ́ fi ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ ṣe. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, n kò sì tíì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Ọ̀nà Atosin ni oko rẹ̀ wà, àwa ọmọ a sì máa bá a lọ nígbà tí a bá gba ìsinmi nílé ìwé. Ní ọdún kan, kòkó so débi pé a ń fọ́ ọ títí ìka ọwọ́ wa fi ń yọ̀, owó rẹ̀ náà sì dára. Ní àkókò yẹn, bí kòkó bá ti tà, oníkálukú ní ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Òmíràn á fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó, òmíràn á fi páànù kan ilé, òmíràn á ra kẹ̀kẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n gùn. Bàbá mi ní tirẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ó sì ra aago ọwọ́ góòlù bọ̀. Ìyá mi bi í léèrè pé kí ló fẹ́ fi aago ṣe, nígbà tó jẹ́ pé àkùkọ ló ń jí i, oòrùn ló ń sọ fún un pé ọ̀sán ti pọ́n, ebi ló sì ń lé e bọ̀ wálé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti le bí èèpo igi.

Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, mo fẹ́ kí ọwọ́ yìí náà mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́."

Kí n má purọ́ fún yín, bàbá mi kò mọ aago wò nígbà tó rà á. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ti ń lọ sí ilé ìwé, ló jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọ́ ọ. Láàárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, a ó pagbo yí i ká, yóò yí kinní kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà díẹ̀díẹ̀, yóò wá gbé e sí wa létí lọ́kọ̀ọ̀kan kí a lè gbọ́ bó ṣe ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lù tí kò bá aago rẹ̀ mu, bàbá mi á ní ẹni tó ń lu agogo ló sùn gbàgbé. Kò sígbà kan tí aago rẹ̀ jẹ̀bi. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko, ó ń wọ̀ ọ́ fọ́ kòkó, ó ń wọ̀ ọ́ tú kòkó tó wà lóòrùn. Ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tí àdá yọ̀ tó bu ẹ̀gbẹ́ aago náà jẹ. Ìyá mi fẹ́ sunkún. Bàbá mi ní kó dúpẹ́ pé aago ni, kì í ṣe ọrùn ọwọ́ òun.

Ìròyìn aago náà tàn, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹ má rò pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tí aago lù o. Fọ́tò ni wọ́n fẹ́ fi yà. Ayàfọ́tò kan máa ń wá sí ìlú wa láti Oǹdó nígbà náà. Yóò ta aṣọ dúdú sára ògiri, yóò gbé àga kan síwájú aṣọ náà, yóò sì ri orí rẹ̀ bọ inú àpótí kámẹ́rà bí ẹni tó ń fojú wá nǹkan nínú kànga. Kí ẹnikẹ́ni tó lọ jókòó sórí àga yẹn, ilé wa ni yóò kọ́kọ́ yà. Ọkọ ìyàwó, tíṣà tuntun, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ jáde, àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè, gbogbo wọn ni bàbá mi so aago yẹn mọ́ lọ́wọ́ rí. Wọ́n á ká apá ẹ̀wù sókè díẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì lé orúnkún kí góòlù lè fojú hàn, wọ́n á wá le ojú koko bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Títí di òní, bí ẹ bá wọ àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní àdúgbò wa tí ẹ wo ara ògiri, ẹ ó rò pé gbogbo ìlú ló jọ lọ ra aago kan náà ní ọjọ́ kan náà.

Ẹnì kan wà nínú àwọn tó yá a tí n kò lè gbàgbé. Ọ̀kan lára àwọn tó ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ oko ni. Ìhà Ọ̀yọ́ ló ti wá, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa, àwa ọmọdé a máa sín in jẹ, òun náà á máa bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti délé gbẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ gbọ́ níbì kan pé ọmọ òun ti kú sí oko kòkó, ọkùnrin náà sì fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé òun wà láàyè. Bàbá mi yá a ní aago, ó yá a ní bàtà, ó dé fìlà tirẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, ó padà wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kò bọ́ aago náà. Bàbá mi wò ó, ó ní kó máa wọ̀ ọ́ lọ sí oko títí di ọjọ́ ọjà. Nígbà tó dá a padà, ó ní ìyá òun á rí ọwọ́ òun nínú fọ́tò, á sì gbà pé ohun gbogbo dára fún òun. Bó ti ń sọ ọ́ ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún nígbà náà. Ó ní oúnjẹ, ó ní ibi tí ó ń sùn, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti wá mọ̀ báyìí.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá mi fi lélẹ̀ lórí aago náà: a kì í dá a padà ní ìdúró. Bí o bá dá a padà, wàá jókòó, wàá jẹun, wàá sọ bí fọ́tò ṣe lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀, ilé wa kì í ṣófo. Ìyá mi a máa kùn pé aago tí bàbá yín rà yìí ń jẹ iṣu ju alágbàṣe lọ, ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń kọ́kọ́ gbé àga. Bí ọdún Kérésìmesì tàbí Àjíǹde bá sì ti ku dẹ̀dẹ̀, á bu eérú, á gé ọsàn wẹ́wẹ́, á jókòó ti àwo omi, á sì fi wọ́n fọ gbogbo ohun dídán tó wà nílé: yẹtí, ṣíbí, fìtílà, títí kan ẹ̀yìn aago bàbá mi. Ó ní ohun tí ojú àlejò bá máa kàn kò gbọ́dọ̀ dọ̀tí, kí wọ́n má baà lọ máa sọ pé ọlẹ ló wà nílé. Èmi ni mo máa ń bá a fún ọsàn náà.

Bàbá mi kú. Ìyá mi tẹ̀ lé e. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, aago náà sì já mọ́ èmi àbíkẹ́yìn lọ́wọ́. Mo ṣe tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi náà ti lọ sinmi. Àwọn ọmọ mi wà ní Èkó àti òkè òkun, Ọlọ́run sì ń bá mi ṣọ́ wọn. Wọ́n ń pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọn kò fi ohunkóhun dù mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí: mo dá wà. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń tan rédíò kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá níwájú ilé mi láràárọ̀, wọ́n á ní "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ o," kí n tó dáhùn wọ́n ti dé kọ̀rọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni àlejò kan yà sílé mi. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Èkó máa ń wá gun Òkè Ìdànrè, wọ́n á wá wo ìlú àtijọ́ tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ lókè. Ọkùnrin yìí ti gùn ún sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì jókòó sí àtẹ̀gùn iwájú ilé mi, ó tọrọ omi. Ọmọ tó lè bá àbíkẹ́yìn mi dọ́gba ni. Mo ní kó wọlé, pé a kì í fún ènìyàn lómi níta bí ewúrẹ́. Ó wọ pálọ̀, mo gbé omi fún un, ṣùgbọ́n kò mu ún. Ó di ife mú, ó ń wo fọ́tò bàbá mi lára ògiri.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, aago tó wà lọ́wọ́ bàbá yìí, ṣé ó ṣì wà?"

Inú mi dùn débi pé n kò bi í pé kí ló kàn án. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi nípa bàbá mi. Mo wọ yàrá, mo tú u nínú aṣọ tí mo fi wé e, mo gbé e fún un. Ẹ bá rí bó ṣe gbà á. Ó kọ́kọ́ tẹ́ áńkáṣíìfù sórí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ tuntun fún. Ó ní àwọn kan wà ní Èkó, tí òun wà lára wọn, tó jẹ́ pé aago àtijọ́ ni ayọ̀ wọn. Ó ní èyí tó ń dán kún inú ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni tó lówó lè rà á. Ohun tí àwọn ń wá ni èyí tó ti bá ènìyàn gbé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀, tí wọn kò tíì tún ojú rẹ̀ kùn. Ó fi ojú aago náà hàn mí, bó ti kúrò ní funfun tó di àwọ̀ oyin. Ó ní kò sí ẹni tó lè dọ́gbọ́n ṣe irú àwọ̀ yẹn, àfi oòrùn àti ọdún. Nígbà tó kan ibi tí àdá bàbá mi bù jẹ, ẹ̀rín músẹ́ ló rín.

Mo ní, "Kò rìn mọ́ o."

Ó ní, "Mọ́mì, fóònù mi ń rìn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ mọ ohun tí aago lù. Bó ṣe rí yìí gan-an ló wù mí. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń tún aago ṣe tú u."

Bó ṣe rí yìí gan-an ló wù mí. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ló ń sọ. Bí ènìyàn bá dé ilé yín tó bá ilẹ̀ láìgbá, tó ní kò sí wàhálà, pé ilé yín dára, ṣé ẹ ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ de ọjọ́ tó tún ń bọ̀ ni?

Ó béèrè pé ṣé mo lè tà á. Mo ní kó jẹ́ kí n bi àwọn ọmọ mi. Ó lọ, ó tún padà wá. Mo gún iyán, mo se ẹ̀gúsí, ó jẹ ẹ́ títí òógùn fi bò ó lójú. Mo sọ fún un nípa bàbá mi, nípa ayàfọ́tò Oǹdó, nípa ará Ọ̀yọ́ tó sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìwo fóònù. Ó ní ìtàn aago wà lára ohun tí àwọn alákòójọ aago bíi tòun ń tìtorí rẹ̀ ra aago. Òun náà sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ọjọ́ tó lọ tán, mo fọ àwo méjì dípò ọ̀kan, mo sì rí i pé orin ni mò ń kọ.

Àwọn ọmọ mi ní kí n tà á jàre. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi aago tó ti kú ṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá tà á lónìí, ta ni yóò wá lọ́la? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, n kò sì lè sọ ọ́ fún wọn. Nígbàkígbà tí ọmọkùnrin náà bá bi mí pé ibo ni ọ̀rọ̀ dé, mo máa ń ní àkọ́bí mi kò tíì dáhùn. Àkọ́bí mi ti dáhùn tipẹ́. Mo kàn fẹ́ kó tún wá ni.

Ó wá pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní òun àti ọ̀gá àwọn alákòójọ náà ń bọ̀ ní Sátidé, pé ọ̀gá náà fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí aago yìí. Àlejò méjì! Mo gbá ilé, mo fọ kọ́tìnnì, mo ra ẹran ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo mú aago náà jáde, mo sì wò ó dáadáa. Ìdọ̀tí dúdú ti dì sí gbogbo ojú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tì mí. Ṣé ohun tí mo fẹ́ gbé síwájú ọ̀gá láti Èkó nìyí, kí wọ́n lè ní ọ̀bùn ni ọmọ tí bàbá yìí bí? N kò gbé e fún ẹni tó ń tún aago ṣe, mo pa àṣẹ yẹn mọ́. Mo bu eérú, mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo jókòó ti àwo omi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, mo ha á títí apá fi ń ro mí. Ó dán bí ọjọ́ tí bàbá mi gbé e ti Àkúrẹ́ dé.

Wọ́n dé ní ọ̀sán. Àgbàlagbà ni ọ̀gá náà, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. Mo gbé aago náà jáde lórí aṣọ funfun nínú tíréè. Ọmọkùnrin náà dìde dúró.

Ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

Mo fi ayọ̀ sọ fún un. Mo tilẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.  Ọmọkùnrin náà yí ẹ̀yìn aago náà sí ọ̀gá, ìgbà yẹn ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé irin funfun ti yọjú níbi tí mo ti ha á jù. Góòlù tí wọ́n fi bo irin ni, kì í ṣe góòlù látòkè délẹ̀. Díńgí rẹ̀ tó ti gbó kò dé dáadáa mọ́, omi ọsàn ti gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ojú aago aláwọ̀ oyin ti wú, nọ́ńbà ti ń ṣàn wọ inú ara wọn. Ọ̀gá náà gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ohun tí ẹ rí tí ẹ pè ní ìdọ̀tí yẹn, òógùn bàbá yín ni. Òun gan-an la fẹ́ rà."

Mo jókòó. Láti ọjọ́ tí aago náà ti já mọ́ mi lọ́wọ́, ara bàbá mi wà nínú àpótí mi, mo ń ṣí i, mo ń pa á dé, n kò mọ̀. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ dànù. Mo sunkún níwájú àlejò, ohun tí n kò ṣe rí.

Wọ́n jẹ iyán díẹ̀ nítorí tèmi. Ní ẹnu ọ̀nà, ọmọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mọ́mì, a ó máa rí ara wa." Gbogbo wa la mọ irú ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan ní ọdún Àjíǹde, láti ìgbà yẹn, n kò gbóhùn rẹ̀ mọ́. N kò bá a wí. Ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló bá wá, kò purọ́ fún mi. Èmi ni mo fi iyán sọ ọ́ di ọmọ.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ohun tí ẹnì kan bá ní, ọwọ́ gbogbo ayé ló ń kàn án, ó ń gbó, ó ń bù jẹ, ẹni tó ni ín kò sì dá jókòó. Báyìí, kámẹ́rà wà lápò oníkálukú, aago wà lápò oníkálukú, kò sẹ́ni tó nílò láti kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì tọrọ ohunkóhun. A ti ní ohun gbogbo tán, ilé sì pa rọ́rọ́. N kò sọ pé ayé àtijọ́ dára jù, ebi wà níbẹ̀, ikú ọmọdé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ń bá rédíò sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá wá gun òkè ní Ìdànrè, ilé mi kò jìnnà sí ibi tí ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yà. Kò sí ohun tí ẹ lè rà níbẹ̀ mọ́, èmi nìkan ló kù.